Ọ̀gá Kan, Èèyàn Ogún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kan ń bọ̀ wá bá èèyàn ogún ta lẹ́ẹ̀kan náà níbí, orúkọ mi sì wà níbẹ̀. Ṣé kí n tètè máa bá a pààrọ̀ ọmọ orí pátákó (kí n jẹ tirẹ̀, kí òun náà jẹ tèmi), kí n lè gba ọ̀mì? (Òǹkàwé, Kubwa, Abuja)

ÌDÁHÙN: Rárá o, àbúrò mi. Bí ọmọ bá ṣe ń dín kù lórí pátákó ni iṣẹ́ ń rọ ọ̀gá lọ́rùn sí i. Jẹ́ kí ọmọ pọ̀, kí ọ̀rọ̀ díjú. Pátákó kan ni ìwọ ń wò, ogún ni òun ń wò. Àǹfààní rẹ nìyẹn, má fi tọrẹ.

Ìgbà tó bá wà lọ́dọ̀ àwọn yòókù ni kó o ronú, ṣùgbọ́n má gbé ọmọ kankan àfi tó bá dé iwájú rẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni pé bí àwọn mìíràn bá ṣe ń parí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá á túbọ̀ máa tètè padà dé. Tó bá ku èèyàn mẹ́ta, kò ní jẹ́ kó o mí. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ni kó o ti fara balẹ̀ wo ibi tí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹṣin lè bẹ́ sí, tí á fi halẹ̀ mọ́ ọba àti ayaba rẹ pọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Nyanya jù.

Tó bá sì nà ọ́ ńkọ́? Capablanca, ọmọ ilẹ̀ Cuba tó gba ife-ẹ̀yẹ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, bá èèyàn 103 ta lẹ́ẹ̀kan náà ní Cleveland, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1922. Ó na 102, ẹnì kan ṣoṣo ló gba ọ̀mì. Ṣáà máa kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ta sílẹ̀, kó o lè bẹ ọ̀gá náà lẹ́yìn eré pé kó fi ibi tó o ti ṣì í hàn ọ́.