Ẹ má tíì tú kébù yẹn: èsì fún ẹni tó bèèrè nípa 5G nínú ilé iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ẹ bèèrè ni pé ẹni tó fẹ́ ta 5G aládàáni (nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ nìkan) fún ilé iṣẹ́ yín ní kí ẹ kó gbogbo Wi-Fi àti kébù dànù, pé mílísẹ́kọ́ǹdù kan péré ni ọ̀rọ̀ máa fi rìn láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, láti ìgbà tó jẹ́ pé 4G la fi ń ṣe é. Èsì mi kò gùn: ẹ rà á fún ohun tó ń rìn, ẹ fi kébù sílẹ̀ fún ohun tó dúró sójú kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpíndọ́gba tàn yín.

Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni ọ̀rọ̀ mílísẹ́kọ́ǹdù kan yẹn. Inú ìlànà tí ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀, là sílẹ̀ fún 5G ló ti jáde: pé kí ẹyọ dátà kékeré kan, báìtì 32, lè kọjá lórí afẹ́fẹ́ láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 1, kó má sì kùnà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú 100,000. Àfojúsùn nìyẹn, kì í ṣe ohun tó wà nínú páálí tí wọ́n máa gbé wá fún yín. Kò ka àkókò tí ọ̀rọ̀ ń lò nínú ẹ̀rọ tó jẹ́ ọkàn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti nínú PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, fúnra rẹ̀. Release 15, ìyẹn ẹ̀dà ìlànà tí 3GPP (ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù) fi bẹ̀rẹ̀ 5G ní 2018, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ló jẹ ẹ́ lógún jù. Release 16 tí wọ́n parí ní 2020 ló wá kọjú sí ilé iṣẹ́ gan-an, ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù tí mo ń bá pàdé ni kò sì tíì dé ibẹ̀. Lójú iṣẹ́, mílísẹ́kọ́ǹdù 10 sí 20 ní àlọ àti àbọ̀ ni mo sábà ń rí. Ìyẹn ò burú rárá. Ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró ni ẹyọ kan tó gba mílísẹ́kọ́ǹdù 200 láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó dé lásìkò.

Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wa ara rẹ̀, èyí tí à ń pè ní AGV. PLC ń ránṣẹ́ sí i léraléra, ó sì ń retí èsì. Bí àkókò tí wọ́n fún watchdog, aago tó ń ṣọ́ bóyá ọ̀rọ̀ ń dé, bá pé tí ọ̀rọ̀ ò tíì dé, ọkọ̀ á gbà pé ewu wà, á tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí iṣẹ́ bá ń lọ ní mílísẹ́kọ́ǹdù 50 síra, 20 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 72,000 ní wákàtí kan. Ká ní ẹyọ kan tó pẹ́ ti tó láti dá ọkọ̀ dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń kùnà lẹ́ẹ̀kan nínú 100,000, èyí tí wọ́n ń fi 99.999% yangàn lé lórí, á máa dá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 83 síra. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kan á máa dúró ní bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ. Èèyàn ló sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti tún un tan. Ẹ fojú inú wò ó lóru, nígbà tí ẹni méjì péré wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń to watchdog kó lè fara da á bí méjì tàbí mẹ́ta bá sọnù tẹ̀ léra. Kí ẹni tó ń mójú tó ààbò kọ́kọ́ ṣírò bí ọkọ̀ ṣe máa rìn jìnnà tó kó tó dúró o. Láìsí ọwọ́ onítọ̀hún níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ń tajà bá dé, ẹ má bèèrè bó ṣe yára tó. Ẹ ní kó fi èyí tó pẹ́ jù hàn yín, pé kó wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń rìn, ilẹ̀kùn irin tó ń ṣí tó ń tì, àti ẹrù tó kún orí àwọn àgbékà. Gbọ̀ngàn òfìfo ni wọ́n sábà ń lò fún ìdánwò, torí ó rọrùn. Irin tó kún fún ẹrù ń dí ìgbì rédíò, ó sì ń dá a padà gba ibòmíràn. Èsì gbọ̀ngàn òfìfo ò wúlò fún yín.

Lórí Wi-Fi: ẹ má jẹ́ kí wọ́n bú u jù. Wi-Fi dà bí ìpàdé tí kò ní alága, tí kálukú ń dúró kí ilé pa rọ́rọ́ kó tó sọ̀rọ̀. 5G ní alága tó ń pín àyè ọ̀rọ̀. Bí èrò bá kéré, ìpàdé tí kò ní alága ń lọ geere. Sìkánà àti tábílẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí Wi-Fi ti ń já mi kulẹ̀ ni ìrìn: ẹ̀rọ tó ń rìn ló ń dá pinnu ìgbà tó máa fi áńtẹ́nà tó ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń dì í mú títí tí kò fi ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ní 5G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pàṣẹ ìṣípòpadà yẹn. Fún AGV àti kirénì, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ń sanwó nìyẹn, kì í ṣe ìyára.

Èyí tí kì í sí nínú ìwé ìpolówó ni PROFINET, èdè tí PLC àti àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ń lò ó, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní àdírẹ́sì IP ni 5G sábà ń gbé, bẹ́ẹ̀ ìránṣẹ́ PROFINET tó ń lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò ní IP rárá. Orí Ethernet lásán, ìlànà tí kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò, ló ń rìn. Ìlànà 5G gba kí wọ́n gbé Ethernet bẹ́ẹ̀, àmọ́ módẹ́ẹ̀mù tó ń ṣe é dáadáa kò pọ̀. A sábà ń wé e sínú ọ̀rọ̀ mìíràn, ìyẹn túnẹ́ẹ̀lì. Túnẹ́ẹ̀lì ń fi báìtì tirẹ̀ kún un, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó gùn tó báìtì 1500 kò ní gba ẹnu ọ̀nà mọ́. Àmì àìsàn náà ń ṣini lọ́nà: ping, ìdánwò kékeré tó ń wò bóyá ọ̀nà ṣí, ń lọ, iná gbogbo jẹ́ àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí PLC, á dúró gbọnyin láàárín. Ẹ dín MTU, ìyẹn gígùn ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ lè rán lẹ́ẹ̀kan, kù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú áńtẹ́nà palẹ̀.

Kámẹ́rà tó ń yẹ ọjà wò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Fóònù ń gba dátà ju bó ṣe ń fi ránṣẹ́ lọ, nítorí náà àkókò tó pọ̀ jù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogboogbò fún ìsọ̀kalẹ̀, ìyẹn dátà tó ń bọ̀ wá sórí ẹ̀rọ; èyí tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ ni ìgòkè. Ilé iṣẹ́ ló yí i padà: kámẹ́rà 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rán mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, mẹ́gábíìtì 200 ló ń gòkè yẹn. Gígábíìtì tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ bèèrè ti ìgòkè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Ẹ wo ìgbì rédíò tí orílẹ̀-èdè yín fàyè gbà kí ẹ tó ra módẹ́ẹ̀mù kankan. Jámánì ya 3.7 sí 3.8 GHz sọ́tọ̀ fún irú èyí láti 2019. Amẹ́ríkà ní èyí tí wọ́n ń pè ní CBRS, 3.55 sí 3.7 GHz, Bìrìtìkó ní 3.8 sí 4.2 GHz; Japan ń lo 4.6 sí 4.9 GHz. Módẹ́ẹ̀mù tó ń ṣe ti Amẹ́ríkà lè má rí nǹkan kan ní Japan. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé ó ń ṣe SA, ìyẹn 5G tó ń dá dúró, torí àwọn kan wà tí wọ́n kọ 5G sí lára, tí wọn ò sì lè dá dúró láìsí 4G lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí nílò aago tó péye, tí kò ní yẹ̀ ju bí màíkírósẹ́kọ́ǹdù kan àtààbọ̀ lọ, torí ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ń pín ìgbì kan náà ní ìgbà-ìgbà. Áńtẹ́nà GPS orí òrùlé ló sábà ń fún un. Níbì kan, àwọn tó ń tún òrùlé ṣe gé wáyà rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí aago inú ẹ̀rọ ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà ni gbogbo rédíò pa lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ òrùlé sì ti lọ sílé. Ẹ fi lébẹ́ẹ̀lì sí wáyà yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí ìkìlọ̀ GPS máa wọlé sí fóònù ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fà á lé yín lọ́wọ́, ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde síta, kí ẹ wá pa AGV kan, kí ẹ tún un tàn. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wà tí ibi tí wọ́n ti ń yẹ síìmù wò jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lókèèrè: èyí tó ti wọlé ń ṣiṣẹ́ lọ, èyí tó kú tó jí ò lè wọlé mọ́. Bí ó bá wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú gétíwéè (àpótí tó ń so ẹ̀rọ mọ́ 5G) kan tàbí méjì tó ti ní síìmù nínú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú, torí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ síìmù sílẹ̀.

Ẹ kọ irú PLC tí ẹ ní, iye watchdog yín, àti iye ohun tó ń rìn nínú ilé iṣẹ́ náà síbí. Bí ó bá jẹ́ pé AGV méjì àti tábílẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀, mo lè sọ fún yín pé 4G aládàáni tàbí Wi-Fi tí wọ́n tò dáadáa máa gbé e, kí owó yòókù sì lọ síbi kébù.