Mítà kan yẹn, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ìbéèrè yín lórí ilẹ̀ àti omi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. A fẹ́ gba ilẹ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń fọ epo ara irin níbẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà ní òun máa kó iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, ní ìwọ̀n mítà kan, òun á da yanrìn tuntun sí i, ó parí. Ibi tí táńkì wà tẹ́lẹ̀ ṣì ń rùn díẹ̀díẹ̀ tí oòrùn bá mú. Ṣé ká gbà fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà, akọ̀wé. Kíkó iyẹ̀pẹ̀ kò burú. Èmi náà ti kó o láìmọye ìgbà. “Mítà kan” yẹn ló ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín. Ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ni wọ́n rí nísàlẹ̀ tí wọ́n fi mọ̀ pé mítà kan ni wàhálà náà parí sí?

Kẹ́míkà tí wọ́n sábà máa ń fi fọ epo ara irin ni trichloroethylene. TCE ni àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè é. Ó wúwo ju omi lọ: lítà omi kan jẹ́ kílò kan, lítà TCE kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ààbọ̀. Bí bẹntiróòlù bá jò wọ ilẹ̀ tó sì bá omi abẹ́ ilẹ̀ pàdé, orí omi ló máa léfòó sí. TCE ò ní dúró níbẹ̀. Á gba inú omi náà kọjá, á máa rì lọ títí yóò fi kan amọ̀ tó le, á wá dàgún sórí rẹ̀ bí òjò ṣe ń dàgún sínú kòtò. Bí amọ̀ náà bá dagẹ̀rẹ̀, á máa ṣàn tẹ̀lé e, nígbà mìíràn sí apá ibi tí omi fúnra rẹ̀ kò ṣàn sí. Omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá á sì máa yọ́ díẹ̀ mú lọ, ọdún dé, ọdún lọ.

Díẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fojú kéré. Gbèdéke tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún TCE nínú omi mímu ni máíkírógíráàmù 5 nínú lítà kan (bí ẹ bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù). Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò: lítà TCE kan ṣoṣo, bí gbogbo rẹ̀ bá yòrò, tó láti mú nǹkan bíi 290 mílíọ̀nù lítà omi dé gbèdéke yẹn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ kíndìnrín. Torí náà, mítà kan lè jẹ́ ibi tí ìṣòro yín ti bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ ibi tó parí sí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Mo wà ní ọdún kejì nínú iṣẹ́ yìí nígbà tí wọ́n fi mí sídìí kòtò kan tí a gbẹ́ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mítà méjì ni ìwé àdéhùn kọ. Iyẹ̀pẹ̀ òkè pupa, ó gbẹ, kò ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí eyín katapílà fá kẹ́yìn, ilẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á, òórùn kan tó dùn lọ́nà tí kò bá ti ilẹ̀ mu sì ń jáde níbẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ katapílà bu díẹ̀ gòkè fún mi. Mo rọ ọ́ sínú ìgò dé ìdajì, mo dé e pa, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wá ti ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn èéfín kẹ́míkà bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà ń sáré gòkè, kò dúró. Mo gbé e lọ fi han ọ̀gá tó gba iṣẹ́ náà. Ó ní mítà méjì ni ìwé wí, kí wọ́n dí i. Mo dákẹ́. Típà mẹ́rin da yanrìn sínú rẹ̀, ojú ibẹ̀ funfun, ó mọ́ tónítóní.

Kò pé ọdún mẹ́ta tí kànga àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé TCE wá. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ gbẹ́, yanrìn funfun tí a dà sí i náà ti di ara ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò lójú mi, wọn ò ní dí i àfi bí a bá bu ilẹ̀ ìdí rẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún àyẹ̀wò, tí èsì rẹ̀ sì padà dé.

Nítorí náà, kí ẹ tó jíròrò nípa kíkó, ẹ ní kí wọ́n lu ihò sínú ilẹ̀ náà, kí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ wá àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, pàápàá àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ lálẹ́. Àwọn ló mọ ibi tí wọ́n ń da korobá sí lẹ́yìn ilé. Ó ti ju ìgbà kan lọ tí mo lọ sídìí táńkì tí mi ò rí nǹkan gidi, tó sì jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí koríko ò ti hù, ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ wo ojú ọ̀nà páìpù àti gọ́tà pẹ̀lú.

Ohun méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí gbọn-in. Èkíní, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá bù gbọ́dọ̀ wọ ìgò lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì dé e. TCE ń fò lọ bí ọtí líle. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó da iyẹ̀pẹ̀ ihò márùn-ún pọ̀ sínú korobá, ó fi ṣọ́bìrì rò ó dáadáa nínú oòrùn, ó wá bu èyí tó kù lọ sí lábù. Lábù ní ilẹ̀ mọ́. Irọ́ kọ́ ni lábù pa. Inú afẹ́fẹ́ ni kẹ́míkà náà ti lọ kí ìgò tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Èkejì, bí irin ìlulẹ̀ bá kan amọ̀ líle, kí wọ́n rọra. Amọ̀ yẹn ló gbé TCE dúró. Ẹni tó bá lù ú já láìbìkítà ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti lọ bá omi tó jìn jù ú lọ nìyẹn.

Èsì àyẹ̀wò ló máa sọ ohun tó kàn. Bó bá jẹ́ inú yanrìn ló wà, wọ́n lè ri páìpù onihò mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ máa fa afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ jáde gba inú èédú kọjá, kí èédú di kẹ́míkà náà mú. Inú amọ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, nítorí náà ooru ni wọ́n máa ń fi lé e jáde níbẹ̀. TCE ń hó ní ìwọ̀n 87 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí omi tó hó. Àwọn mìíràn máa ń fún permanganate, kẹ́míkà kan tó ń ba TCE jẹ́, sínú ilẹ̀. Ó wù mí láti máa wò ó: aláwọ̀ elése àlùkò ni nígbà tó ń wọlé, ibi tó bá ti bá TCE jà, àwọ̀ yẹn á parẹ́, á di búráùn. Ní Kánádà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Waterloo ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí fífi èérún irin mọ ògiri sábẹ́ ilẹ̀, tí omi yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá, tí irin yóò sì máa já chlorine, ọ̀kan lára èròjà tó para pọ̀ di TCE, kúrò lára kẹ́míkà náà. Kò nílò iná mànàmáná rárá.

Nípa yanrìn tí ẹni yẹn fẹ́ dà lé e, ẹ rántí Love Canal, ní ìlú Niagara Falls ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Hooker Chemical sin ìdọ̀tí kẹ́míkà tó ju 20,000 tọ́ọ̀nù lọ síbẹ̀, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n sì yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1953. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé síbẹ̀, ilé sì yí i ká. Kẹ́míkà gbabẹ́lẹ̀ wọ àjà ìsàlẹ̀ ilé àwọn èèyàn. Ní 1978, Ààrẹ Jimmy Carter kéde ibẹ̀ ní ibi pàjáwìrì, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó kúrò. Òfin tí wọ́n ń pè ní Superfund ní 1980, tó ní kí ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ san owó àtúnṣe, ara ohun tó bí i nìyẹn. Àwọn tó ra ilé níbẹ̀ kò rí nǹkan kan lójú ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rà á.

Bó bá sì wá jẹ́ kíkó náà ni èsì àyẹ̀wò fọwọ́ sí, ẹ béèrè ibi tí típà ń gbé e lọ, kí ẹ gba ìwé ibẹ̀ fún típà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú kòtò náà láti lọ wo nǹkan. Èéfín TCE wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìdí kòtò ló ń jókòó sí.

ÌBÉÈRÈ: Ilé-iṣẹ́ bátìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Òjé pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá wa. Wọ́n sọ fún wa pé bí a bá gbin ewéko sí i, ewéko á fà á mu tán. Òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ewéko tó ń fa májèlé mu wà lóòótọ́. Ní 2001, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Florida kéde pé ewéko kan tó ń jẹ́ Pteris vittata ń fa májèlé kan tí wọ́n ń pè ní arsenic mu lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òjé kì í ṣe arsenic. Ó ń lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ gan-an, díẹ̀ kíún ni gbòǹgbò ń rí gbà, ewé tó bá sì gbà á fúnra rẹ̀ ti di ìdọ̀tí olóró tí ẹ gbọ́dọ̀ ká dànù. Kòkòrò kankan kì í jẹ òjé, iná kì í sì jó o run. Ẹ lè kó o kúrò, tàbí kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú fọ́síféètì tàbí sìmẹ́ńtì, tàbí kí ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ náà. Ohun tí fífọ̀ ń ṣe ni pé ara ẹrẹ̀ kúnná ni òjé sábà máa ń dì mọ́. Omi á ya yanrìn sọ́tọ̀, yanrìn á padà sílẹ̀, ẹrẹ̀ kékeré tó kù lẹ ó wá máa bá jà. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀ púpọ̀, ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún jù ni eruku. Ẹ má wọ bàtà iṣẹ́ wọlé. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí ẹ sì wẹ̀, kí ẹ tó gbé ọmọ. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún wọn. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa tún ilẹ̀ ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Dísù dà sí àgbàlá ilé-iṣẹ́ wa ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Kò rùn mọ́. Ṣé ó ti mọ́ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Òórùn ló ń kọ́kọ́ lọ, torí èyí tó fúyẹ́ nínú dísù ń bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó wúwo á ṣẹ́kù. Ti yín sàn ju ti akọ̀wé lọ, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń jẹ dísù. Afẹ́fẹ́, omi díẹ̀ àti ajílẹ̀ tó ní nitrogen àti phosphorus ni wọ́n nílò. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ náà jọ sórí ọ̀rá tó nípọn, ẹ da ajílẹ̀ mọ́ ọn, ẹ máa yí i, kó tutù níwọ̀nba bí aṣọ tí a fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sì bò ó kí òjò má bàa ṣàn án lọ. Ẹ má da ọṣẹ sí i o, ńṣe ló máa ti dísù náà lọ sísàlẹ̀. Ẹ bu ìgò kan lọ sí lábù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún bu òmíràn lóṣooṣù, ẹ kọ ọjọ́ sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì bu ìdí kòtò tí ẹ ti kó o jáde náà wò.