Ṣé òótọ́ ni pé púrótéènì tó dì pọ̀ ló ń fa àrùn Alzheimer, ìyẹn àrùn ìgbàgbé, àti jẹjẹrẹ?

Ó lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Púrótéènì dà bí okùn tó gbọ́dọ̀ ká dáadáa kó tó lè ṣiṣẹ́. Bó bá ká òdì, á lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, á sì dì. Ẹ wo funfun ẹyin tí a sè: ó ti dì nìyẹn, bó tilẹ̀ tutù, kò ní ṣàn mọ́.

Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ṣàlàyé irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ ní 1906. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ amyloid-beta máa ń dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, òmíràn tó ń jẹ́ tau ní tiẹ̀ ń dì sínú wọn. Ti àrùn Parkinson, tó ń mú ara gbọ̀n, púrótéènì alpha-synuclein ni. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú níbẹ̀.

Ti jẹjẹrẹ ló yà mí lẹ́nu jù, torí sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí kò kú ni wàhálà ibẹ̀. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ p53 ni ọlọ́dẹ: bí DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì, bá bàjẹ́, á ní kí sẹ́ẹ̀lì dúró tàbí kó kú. Nínú nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ ènìyàn, àbùkù wà lára jíìnì, ìyẹn apá DNA, tó ń pèsè p53 yìí. Àwọn kan nínú p53 alábùkù máa ń dì, wọ́n á tún fa èyí tó dára mọ́ra, kò wá ní sí ẹni tó ń ṣọ́lé mọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní Rio de Janeiro, ní Brazil, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló rí bẹ́ẹ̀ o.