Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nínú lẹ́tà àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tó bí bàbá wa ṣe tíṣà nítòsí Òmù-Àrán láyé òyìnbó. A rí lẹ́tà kan nínú àpótí wọn pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n sójú pátákó, wọ́n ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, pé ọtí ni, wọn ò yẹ fún iṣẹ́ mọ́. Àwọn àgbà ilé ní irọ́ ni. Báwo la ṣe máa mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i ná. Bí kì í bá ṣe dókítà, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló kọ, kò yẹ ara wò.

Gbígbọ̀n ti ọtí ní àsìkò tirẹ̀. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn ló ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni òwúrọ̀ fi máa ń le jù, tí ṣọ́ọ̀kì á máa jó lọ́wọ́ tíṣà. Bó bá ti gbé ife kan mì, ọwọ́ á rọlẹ̀. Ti ibà yàtọ̀: òtútù á kọ́kọ́ mú un, eyín pàápàá á máa gbá ara wọn, ara á wá gbóná, kí òógùn tó bò ó. Ti gẹ̀gẹ̀ kì í mọ àárọ̀ mọ alẹ́; olúwarẹ̀ á máa jẹun dáadáa, síbẹ̀ á máa rù.

Títa gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n yẹn ló mú wa fura sí kúnínì, oògùn ibà ayé ìgbà yẹn. Bó bá pọ̀ lára, etí á máa hó, òòyì á máa kọ́ni, èèyàn ò sì ní gbọ́ràn dáadáa. Ṣé lẹ́tà náà sọ pé wọn kì í dáhùn bí wọ́n bá pè wọ́n?

Ẹ tún bi àwọn àgbà ní irú ọtí tó wà nílé. Ẹkùn Ìlọrin ni Òmù-Àrán wà nígbà náà, abẹ́ Àríwá sì ni ẹkùn náà wà; òfin ò gbà kí wọ́n ta ọtí líle òkèèrè fún ọmọ ilẹ̀, ògógóró náà ò sì bófin mu. Ó ku emu àti ọtí bàbà. Ọtí inú emu tó ti kan sábà máa ń tó bí ìdá 5 nínú 100. Ọtí inú lítà kan rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti igò bíà ńlá méjì lọ. Ẹni tí emu máa sọ di agbọ̀nwọ́ láàárọ̀ á ti máa mu lítà mélòó kan lójúmọ́, ta ni yóò sì fi ìyẹn pamọ́ fún ìyàwó ilé? Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ilé-ìwé ìjọ tó ka ọtí léèwọ̀ ni, igbá emu kan níbi ìnáwó ti tó ẹ̀sùn.

Kàdúná ni kí ẹ lọ, kì í ṣe Ìbàdàn: National Archives, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí, tó wà níbẹ̀ ló ní fáìlì ẹkùn Ìlọrin. Ẹ béèrè Ilorprof, orúkọ tí wọ́n ń pe àkójọ fáìlì ẹkùn náà, kí ẹ mú orúkọ, ìlú àti ọdún dání. Bí bàbá bá fèsì sí ẹ̀sùn náà, inú fáìlì kan náà ló yẹ kí ìwé wọn wà.