Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Kernel tó yá àbí kernel tó ṣeé kà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Driver káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì (ètò tó ń jẹ́ kí káàdì náà bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) ni mo ń kọ fún kernel Linux, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Gbogbo function inú rẹ̀ ni mo fi `inline` sí, kí compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tó ń pè é. Kò sí `if` tó ń yẹ àṣìṣe wò tí n kò fi `unlikely()` dè, láti sọ fún compiler pé àṣìṣe náà ṣọ̀wọ́n. Níbi tí ẹlòmíì á ti kọ `* 8`, `<< 3` ni mo kọ. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò dá a padà, ó ní òun ò rí i kà, ó sì ní kí n yọ `goto` (àṣẹ tó ń fò lọ síbòmíì nínú function) inú rẹ̀. Ṣebí eré sísá ni ti kernel, kì í ṣe ẹwà? Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Àbúrò, òun ló jàre, àyàfi lórí `goto`.

Ká tètè mú `<< 3` kúrò nílẹ̀. Kọ `* 8`, kí o fi `objdump -d` wo ohun tí compiler gbé jáde. Kò ní yàtọ̀. Ojú ẹni tó ń kà á nìkan lo ń ni lára.

Inú `inline` gan-an lọ̀rọ̀ wà. Function onílà ogún tí ibi mẹ́wàá ń pè, bí o bá fi `inline` sí i, ó lè di ẹ̀dà mẹ́wàá. Lórí ọ̀pọ̀ processor x86, 32 KB péré ni L1 cache tó ń gba àṣẹ, ìyẹn mẹ́mórì kékeré tó sún mọ́ processor jù. Bí kóòdù rẹ ṣe ń sanra níbẹ̀ ló ń lé tẹlòmíì jáde, processor á sì tún lọ gbé ìyẹn láti ọ̀nà jíjìn. Ìwé ìlànà Linux fúnra rẹ̀ pe àṣà yìí ní àìsàn, ó ní kí a má fi `inline` sí function tó bá ju ìlà mẹ́ta lọ, bí kò bá nídìí pàtàkì. Function `static` tí ibi kan ṣoṣo ń pè, compiler á fà á wọlé láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́.

`unlikely()` ńkọ́? Fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí packet (ìdì dátà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ń gbà wọlé. Nínú `probe`, function tó ń gbé káàdì dìde, tó jẹ́ pé ìgbà tí kernel bá rí káàdì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ìrò lásán ti tan àwọn àgbà pàápàá jẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn macro (orúkọ tí compiler ń fi kóòdù rọ́pò) tó ń rìn lórí linked list (àtòjọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí èyí tó kàn) nínú Linux ní prefetch nínú, kí processor lè ti máa gbé èyí tó kàn bọ̀. Ta ni kò ní gbà pé ìyẹn á yá? Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn ni. Ọ̀pọ̀ list inú hash table (àtẹ tí a fi ń wá nǹkan kíá) kò gùn, NULL (àmì pé kò sí èyí tó kàn) ni wọ́n ń parí sí, prefetch sì ń rán processor lọ wá àdírẹ́sì tí kò sí. Ní 2011, Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, yọ ọ́. Macro kúrú sí i, ó sì yá sí i.

Ibìkan wà tí mo ti ń gba kóòdù tó lọ́jú pọ̀ láàyè: `struct page`, àkọsílẹ̀ tí kernel ń tọ́jú nípa page (ègé mẹ́mórì) kọ̀ọ̀kan. Báìtì 64 ni lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ 64-bit, ọ̀kọ̀ọ̀kan page oníbáìtì 4096 ló sì ní tirẹ̀. Lórí mẹ́mórì 16 GB, òun nìkan jẹ 256 MB. Fi báìtì 8 kún un, 32 MB ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi to `union` (àyè kan náà tí dátà oríṣiríṣi ń pín lò) lé `union` níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí `folio` (irú dátà tó dúró fún page kan tàbí page ńlá lódindi, tí kì í ṣe ìrù rẹ̀ láé) wọ Linux 5.16, function tó gbà á kò tún ní máa fi `compound_head()` béèrè bóyá ìrù page ńlá kan ni wọ́n gbé fún òun. Irú dátà náà ti sọ ọ́. Ó rọrùn láti kà, iṣẹ́ processor sì dín kù.

`goto` rẹ, má yọ ọ́. Bí ìgbésẹ̀ kẹrin nínú `probe` bá kùnà, òun ló ń jẹ́ kí o tú mẹ́ta ìṣáájú ká létòlétò níbi kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n orúkọ `err1` àti `err2` tí o sọ àwọn ibi tí `goto` ń fò lọ yẹn kò dáa. Pè wọ́n ní `err_free_ring` àti `err_free_irq`. Fi perf (irinṣẹ́ Linux tó ń wọn eré kóòdù) wọn `unlikely()` tó bá kù, kí o kọ iye tí o rí sínú patch (àkójọ àyípadà kóòdù rẹ) nígbà tí o bá ń dá a padà fún ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò.