Wọ́n ti ṣe CT fún bàbá mi, kí ló dé tí wọ́n tún ń ṣe òmíràn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ní bàbá mi ní jẹjẹrẹ ọ̀fun. Ilé-ìwòsàn tó wà nítòsí wa ti ṣe CT scan fún wọn, èsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a dé ilé-ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán tọ́jú gbogbo ẹkùn wa, wọ́n ní àfi kí àwọn ṣe CT mìíràn. Wọ́n fi nǹkan kan bo bàbá lójú, wọ́n wá ní ká máa lọ sílé, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ti àkọ́kọ́ kò dára ni? Ṣé àìsàn náà kò ní máa tàn kálẹ̀ báyìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú aájò bàbá. Ara wọn á yá o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣírò iye ìtànṣán tó máa dé ibi kọ̀ọ̀kan lára aláìsàn, mo sì mọ bí ọkàn ẹbí ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ní kí wọ́n padà sílé láìtíì rí ìtọ́jú kankan.

CT ni àwòrán inú ara tí a ń fi X-ray yà. Ti àkọ́kọ́ dára, ẹ má sọ ọ́ nù. Òun ló fi han dókítà pé kókó wà, àti ibi tó dé. Ṣùgbọ́n orí ibùsùn tó tẹ̀ kòtò díẹ̀ láàárín ni bàbá dùbúlẹ̀ sí lọ́jọ́ yẹn, bó sì ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n gbé orí lélẹ̀. Ibùsùn ẹ̀rọ ìtànṣán tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pátákó. Bí ọrùn bá yí díẹ̀ péré, kókó náà ti kúrò níbi tí a fojú sùn. CT kejì ni a fi ń wọn bàbá gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe máa dùbúlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìtọ́jú. Fún jẹjẹrẹ ọ̀fun, ó sábà máa ń tó ìgbà 35: ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 7.

Ohun tí wọ́n fi bo wọn lójú, ike pẹlẹbẹ ni, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. A máa ń rì í sínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, a óò nù ún, a óò sì fà á láti iwájú orí sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà náà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti gan, ó ti mú imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n bàbá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí. Wọ́n á lè mí nínú rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, kò rọrùn fún ẹni tí ibi híhá máa ń bà lẹ́rù. Bí bàbá bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wa ṣáájú. Kì í ṣe ohun ìtìjú rárá.

Ìdí mìíràn tún wà. Lójú kọ̀ǹpútà wa, nọ́ńbà ni CT jẹ́, orúkọ Godfrey Hounsfield tó ṣe ẹ̀rọ náà la sì fi ń pe òṣùwọ̀n rẹ̀: omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ −1000, egungun sì ga ju omi lọ dáadáa. Nọ́ńbà wọ̀nyí ló ń jẹ́ ká mọ bí ìtànṣán ṣe máa dínkù tó bá ń la ẹran àti egungun kọjá. Àwòrán mìíràn tún wà: MRI, tí a ń fi òòfà yà, ń fi ẹran rírọ̀ hàn ju CT lọ, PET sì ń fi ibi tí kókó ti ń fa ṣúgà mọ́ra hàn, ṣùgbọ́n orí CT kejì yìí la ń tẹ́ gbogbo wọn lé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ lọ gba àwòrán àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ nínú CD, ẹ má mú ìwé èsì nìkan wá. Ìwé lè sọ pé kókó wà lápá òsì; kò lè fi etí kókó náà hàn mí. Bí oògùn bá sì ti sọ kókó di kékeré, àwòrán yẹn nìkan ló kù tó lè fi ibi tó gbà tẹ́lẹ̀ hàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà ńkọ́? Àwòrán CT yẹn dà bí búrẹ́dì tí a gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mìlímítà 2 tàbí 3 sí ara wọn. Lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni dókítà ti máa fọwọ́ ya etí kókó náà, àwọn kókó kéékèèké tí gbogbo ènìyàn ní lọ́rùn (lymph node), tí jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ sí, àti àlàfo díẹ̀ yí wọn ká. Ó tún máa ya ohun tí a fẹ́ dá sí: ẹṣẹ́ itọ́ lábẹ́ etí, egungun àgbọ̀n, okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibí yìí niṣẹ́ wà. Gray ni a fi ń wọn iye ìtànṣán. Kókó jẹjẹrẹ náà sábà máa ń gba Gray 70, okùn iṣan yẹn kò sì gbọdọ̀ kọjá Gray 45 sí 50, nígbà tí àlàfo àárín wọn lè má ju ìbú ìka kan tàbí méjì lọ. Mo ti dá ètò tó ti parí padà rí nítorí ẹṣẹ́ itọ́ kan tí ìtànṣán pọ̀ jù fún, torí ẹnu gbígbẹ lè bá ènìyàn gbé fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì dán an wò lórí ẹ̀rọ láìsí ènìyàn lórí ibùsùn.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìdádúró kò lè ṣe nǹkan kan. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá, ẹ pè, ẹ béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Bí bàbá bá ń mí pẹ̀lú ìnira, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu wọn, tàbí tí wọn ò lè gbé omi mì mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín bí wọn ò bá tíì lọ. Eyín tó yẹ kó kúrò gbọ́dọ̀ kúrò kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, nítorí egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti kọjá kì í tètè jinná. Ẹ rí i pé wọ́n ń jẹun, kí wọ́n má sì mu sìgá. Bí wọ́n bá rù, ike ojú yẹn á ṣò, a sì lè ní láti ṣe CT kẹta.