∫ sin³x cos²x dx: sin ni kẹ́ ẹ tú, kì í ṣe cos

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fi u = sin x sí i, kò jáde. Kò lè jáde, torí cos méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan á bá du lọ, ìkejì á wá di square root sí yín lọ́wọ́. Cos ni kẹ́ ẹ fi ṣe u.

1. Ẹ yọ sin x kan sọ́tọ̀, á ku sin²x.
2. Ẹ kọ sin²x yẹn ní 1 − cos²x.
3. Ẹ jẹ́ kí u = cos x, du á jẹ́ −sin x dx, sin tẹ́ ẹ yọ sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló máa bá a lọ.

Ó di −∫(u² − u⁴) du, ìdáhùn ẹ̀ ni cos⁵x/5 − cos³x/3 + C. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ minus yẹn dáadáa, òun ló sábà máa ń jẹ máàkì èèyàn.

Àmọ́ ó dìgbà tí páwà ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ odd, bíi 1, 3, 5, kí ọ̀nà yìí tó ṣiṣẹ́, èyí tó jẹ́ odd yẹn náà lẹ sì máa yọ ọ̀kan lára ẹ̀. Tí méjèèjì bá jẹ́ even, bíi sin²x cos²x, ẹ má wulẹ̀ dán an wò, ṣé ẹ mọ̀ pé sin x cos x jẹ́ ½ sin 2x, ẹ sọ ọ́ di square, ó di ¼ sin²2x, kẹ́ ẹ wá fi (1 − cos 4x)/2 rọ́pò sin²2x, á jáde sí x/8 − sin 4x/32 + C.

Tí ti àkọ́kọ́ ò bá tíì dá yín lójú, ẹ differentiate ẹ̀, sin³x cos²x lẹ máa padà rí.